Ìdí Tí A Kò Fi Ta Mọ́tò Bàbá Mọ́

Ojúlé Kọkànlá,
Àdúgbò Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Inísà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
15 Oṣù Kẹta, 1998.

Olúfẹ́mi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé Peace kékeré ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ti rọlẹ̀ díẹ̀ fún yín? Ooru ni gbogbo wa ń bá jà níbí, ṣùgbọ́n ara Màmá le, ara tèmi náà sì yá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ìròyìn mọ́tò Bàbá lo ń retí. Kí o tó bínú pé a kò tà á, jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí dé ìparí.

O rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní. Bàbá àti Màmá ń bọ̀ láti ibi ìsìn ìdúpẹ́ ní Òkukù, ilẹ̀ ti ń ṣú, ni Bàbá bá ṣàdédé rí àgbẹ̀ kan lórí kẹ̀kẹ́ níwájú wọn. Wọ́n tẹ bíréèkì, mọ́tò yà wọ inú koríko, àgbẹ̀ náà sì ṣubú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò fara pa. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ojú àwọn ti lọ, àwọn kò ní pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí n kò kọ sí ọ ni pé wọ́n tún fi iṣẹ́ díákónì sílẹ̀. Wọ́n kàn máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí o ní ká ta mọ́tò náà. Mo rò pé bí wọn kò bá rí i mọ́, ọkàn wọn á fúyẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun láti Ìkìrun ní òun ń bọ̀ wá rà á ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní Fúráìdé, bí mo ṣe ti ilé ìwé dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ kí ó lè wu ojú. Gbogbo ara rẹ̀ ló mọ́, àfi iná iwájú méjèèjì. Mo fọ̀ ọ́ títí, ó ṣì pọ́n bí omi ògì ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi èékánná ha á, ni mo bá rí i pé kì í ṣe gíláàsì, rọ́bà ni.

Mo lọ pe Ọláìtán tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó wò ó, ó mi orí.

"Tíṣà, oòrùn ló jó rọ́bà yìí. Bí ẹ bá tan iná, inú ibẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀ sí, kò lè jáde sọ́nà. Ta ló lè fi eléyìí ríran lálẹ́?"

Mo rántí àgbẹ̀ orí kẹ̀kẹ́ náà. Mo bi í bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ó fún mi ní sáńpépà tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń fi omi lò. Ó ní kí n máa ha á jẹ́jẹ́, kí n ti orí èyí tó le bọ́ sórí èyí tó kúnná, kí n wá fi ọṣẹ ìfọyín dán an.

Mo fi sẹlotéèpù bo ọ̀dà tó yí i ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ pọ́n. Olúfẹ́mi, nígbà tí mo nù ún, ẹ̀rù bà mí! Ńṣe ló funfun bí ẹni da ẹ̀kọ lé e. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á sì ń bọ̀ lọ́la. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n wá dúró tì mí.

"Kí lo ń ha?"

"Iná mọ́tò ni, sà."

"Fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á á tún un ṣe."

N kò fi í sílẹ̀. Mo lo èyí tó kúnná, mo wá fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti ọṣẹ ìfọyín dán an títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo da omi lé e, mo rí gílóòbù inú rẹ̀ kedere.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mo bẹ Bàbá kí wọ́n jókòó sídìí sitiárìn, kí wọ́n kàn tan iná sára ògiri aládùúgbò wa. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Iná apá òsì dà bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún mọ́lẹ̀ rekete. Mo wá gbọ́ tí Bàbá ń ka ohun tí aládùúgbò náà kọ sára ògiri láti inú mọ́tò, díẹ̀díẹ̀: "Ẹ má... tọ̀ síbí. Ewúrẹ́ nìkan... ló ń tọ̀ síbí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di sitiárìn mú.

"Tẹniọlá, ṣé kì í ṣe ojú mi ni?"

N kò fẹ́ purọ́ fún wọn. "Mi ò mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun dé ní ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Èmi ń ha ti apá òsì lọ́wọ́. Ní Tọ́sìdeè, a lọ rí dókítà ojú ní Òṣogbo. Ó ní àgbà ti dé sí ojú náà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọ́, awò ojú ló ń fẹ́. Ó ní kí Bàbá má tíì wa mọ́tò lálẹ́ títí awò náà yóò fi jáde. Wọ́n gbà. Lọ́sàn-án òní, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé Màmá lọ sí Òkukù, wọ́n sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ọláìtán ti kìlọ̀ fún mi pé rọ́bà náà yóò tún ṣú tó bá pẹ́. Kò burú, n óò tún un ha.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbé Peace mọ́ra fún mi. Màmá ń kí yín. Bàbá ní tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde, kí ẹ má wọ ọ̀kadà láti Ìkìrun o, àwọn ló máa wá gbé yín ní gáréèjì. Àwọn ni kí o fi èsì ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí lónìí pé aago mélòó ni ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì máa ń dé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí yín,

Tẹniọlá.