Ìdí Tí Mi Ò Fi Fún Àbúrò Mi Ní Nǹkan Kan

Èmi, Eluned Margaret Parri, opó Gwilym Parri, ọmọ bíbí Tomos àti Jane Ellis, tí mo ń gbé ní oko Hafod Wen lókè Cwm Helyg ní ilẹ̀ Wales, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sẹ́ni tó fi agbára mú mi.

Àwọn ẹlòmíràn á kọ gbólóhùn yẹn, wọn á sì kọjá lọ. Èmi kò lè kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà nílé ìwòsàn kan láti ọdún 2008 tó sọ pé orí mi dàrú, Idwal Ellis, àbúrò mi kan ṣoṣo, ló sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà mi, Ìyáàfin Rowlands, ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ba ìhágún mi jẹ́ ní kóòtù, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Nítorí náà, bí mo bá ti ń pín nǹkan ni n ó máa sọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè fúnra rẹ̀ wò ó bóyá wèrè ló ń sọ̀rọ̀.

Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí. Ọ̀kan péré ni, ọdún 2008 náà ni mo kọ ọ́, nínú rẹ̀ ni mo ti fún àwọn àgùntàn mi lómìnira. Ẹ dákun, ẹ jó o níná.

1. Mo yan Nest Lewis, olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ìhágún yìí. Kì í kánjú, kì í sì í sọ ohun tó gbọ́ ní ilé kan ní ilé kejì. Ní àfonífojì tiwa, ìyẹn ju ìwé ẹ̀rí lọ.

2. Ilé Hafod Wen, ilẹ̀ rẹ̀, abà méjèèjì, katakata, àti gbogbo agbo àgùntàn mi, mo fún Mared, ọmọ Idwal àbúrò mi. Kò gbọdọ̀ ta agbo náà kúrò lórí òkè. Kò sí ọgbà lókè yẹn. Ìyá àgùntàn ló ń fi ààlà han ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á sì fi han tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe kí a tó bí baba baba mi. Bí o bá kó wọn lọ sọ́jà, tí o sì ra òmíràn wá rọ́pò, ìlú kejì ni wàá ti lọ máa wá wọn. Mared, o mọ àgùntàn tọ́jú jù mí lọ, ṣùgbọ́n o kì í ti géètì. Bí mo bá kú tán náà, máa ti géètì.

3. Ọ̀pá Gwilym ọkọ mi, èyí tó fi ìwo àgbò gbẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú pósí mi.

Oṣù kẹta ọdún 1989 ni Gwilym kú, ní àsìkò tí àwọn àgùntàn ń bímọ. Ọkàn rẹ̀ dúró nínú abà, ọ̀dọ́ àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ráyè sunkún, nítorí igba àgùntàn ṣì kù tí kò tíì bí. Dókítà ìgbà náà fún mi ní hóró oògùn kan tí ń mú ara balẹ̀. Ó ní, “Ìyáàfin Parri, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ máa lò ó, ẹ kàn fi sùn.” Ó yá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó ní kí n dá a dúró. Bí oògùn bá ti tán, kẹ́míìsì á tún fi òmíràn ránṣẹ́, bí ẹní ń gbé búrẹ́dì wá.

Mi ò ní parọ́ mọ́ oògùn náà. Ó ṣiṣẹ́. Mo sùn, mo dá oko. Ṣùgbọ́n mi ò sunkún Gwilym rí fún odindi ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìgbà tí oògùn náà kúrò lára mi pátápátá lọ́dún 2013 ni ẹkún náà tó dé, bí ẹni pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Inú mi dùn pé mo rí i sun.

4. Agogo ńlá tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, mo fún ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ṣiṣẹ́. Kí àwọn alàgbà tún un ṣe fúnra wọn, ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti wà lára rẹ̀.

Idwal ló dá agogo náà dúró. Lọ́dún 2008, dókítà tuntun dé, ọmọdé ni, ara rẹ̀ yá gágá. Ó wo ìwé mi, ó lanu. Ó ní, “Ìyáàfin, oògùn yìí ti pẹ́ jù lára yín. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró, ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ tó.” Òótọ́ ló sọ nípa pé ó ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo gbé e mì kẹ́yìn, ara mi ń jó bí ẹni tí wọ́n fi èsìsì nà, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ mi bí ọkọ̀ ojú omi, bí ṣíbí bá kan àwo, etí mi á fẹ́ ya. Agogo yẹn ń lù mí lórí, títí Idwal fi dá a dúró. Mo rí omi tó ń ṣàn lára ògiri, mo sì ń gbé garawa sí i.

Dókítà ní àìsàn mi àtijọ́ ló padà. Àìsàn wo? Mi ò ṣàìsàn kankan rí. Ọkọ mi ló kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó mọ̀wé bá sọ pé ó padà, ta ni yóò bi í pé láti ibo? Òfin wa sọ pé ẹni tí kò bá ní ọkọ tí kò sì bímọ, ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Idwal fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìdáná mi, ojú mi sì ń wò ó. Mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀. Wọ́n dá oògùn àkọ́kọ́ padà fún mi, wọ́n sì fi méjì mìíràn kún un.

Láti ọjọ́ yẹn, fún ọdún márùn-ún, mi ò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Bó bá wọ ọjà àgbò láti apá ọ̀tún, èmi á gba apá òsì. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Bí i ká kú gan-an ni lọ́dọ̀ tèmi.

5. Àwọn ọ̀bẹ ìrẹ́run àgùntàn, ìjókòó onígi tó wà lẹ́yìn abà, àti koríko orí ilẹ̀ òkè lọ́dọọdún títí yóò fi kú, mo fún Emlyn Pugh, ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn wa.

Ní gbogbo ìgbà tí ohùn èèyàn ń dun etí mi, Emlyn máa ń gbé búrẹ́dì wá ní gbogbo Sátidé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Á gbé e sójú fèrèsé, á jókòó sórí ìjókòó yẹn fún wákàtí kan, á kọjú sókè òkè, á sì lọ. Kò bi mí rí pé, “Ṣé ara ti yá báyìí?” Gbogbo ayé ló ń bi mí ní ìyẹn. Emlyn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ rí: ká ní o bi mí ní ìbéèrè tí ọkùnrin máa ń bi obìnrin tó bá fẹ́ fi ṣaya ni, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ǹ bá fi dá ọ lóhùn. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an. Nest ni yóò ka ibí yìí sétí rẹ, nítorí mo mọ̀ pé o ò ní mú gíláàsì ojú rẹ wá.

6. Síríńjì tí a fi ń fún ọ̀dọ́ àgùntàn lóògùn, ìgò aláàmì ìwọ̀n tó wà lókè fíríìjì, àti ìwé mi aláwọ̀ ilẹ̀, mo fún Bethan Morus tó ni ṣọ́ọ̀bù. Kí ó fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn káńtà fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò wọn, kó má sì bi wọ́n ní ìdí.

Obìnrin kan tó ti la irú ìyà yìí kọjá, tí mo bá pàdé lọ́jà ẹran, ló kọ́ mi bí a ṣe ń yọ oògùn kúrò lára díẹ̀díẹ̀. Hóró oògùn kan, a ó lọ̀ ọ́ sínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wàrà tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀. A ó mì ín dáadáa. A ó fi síríńjì fa díẹ̀ kúrò, a ó mu ìyókù. Bí ara bá gbà á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, a ó fa ìwọ̀n kan sí i kúrò. Bí ara bá kọ̀, a ó dúró lójú kan, a kò ní pa dà sẹ́yìn, a kò sì ní sáré. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí. Nọ́ọ̀sì kan ń yẹ̀ mí wò lóṣooṣù, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ka ìwé mi tán kó lọ da oògùn tirẹ̀ sínú iná. Ẹ̀gbọ́n Gwilym ń lo tirẹ̀ lójoojúmọ́, òun ló jẹ́ kó ṣì wà láàyè. Ara mi ni mò ń sọ. Etí mi ṣì ń hó, ẹsẹ̀ mi ṣì ń jó bí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n mò ń gun òkè.

Ó ku àṣìṣe kan tí kò sí nínú ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ náà, nítorí ojú tì mí láti kọ ọ́. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé a kì í da wàrà nù. Nítorí náà, wàrà tí mo bá fa kúrò láràárọ̀, inú àwo Pero ajá mi ni mò ń dà á sí. Bí tèmi ṣe ń dín kù ni ti Pero ń pọ̀ sí i. Mo kàn rí i pé ajá náà ti di oníwà pẹ̀lẹ́, mo sì yìn ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, mo parí. Mi ò po wàrà mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, Pero bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó deyín mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kò sùn, bí ṣíbí bá dún, á sáré wọ abẹ́ àga.

Oníṣègùn ẹran ti rìnrìn àjò. Mared sáré lọ pe baba rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ajá bí Idwal ní gbogbo àfonífojì. Bó ṣe tún wọ ilé mi nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ ti ajá náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ajá yìí jẹ?”

Mo sọ fún un nípa wàrà.

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bó ṣe ń ṣe yìí, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lọ́jọ́sí.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó yá, lọ mú bírò wá, kí o fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ náà.”

Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ, mo sì mọ̀ ọ́n sọ. Idwal jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná, ó fi épúróònù mi bo ojú, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kì í ṣe nítorí omijé rẹ̀. Mo wo Pero, mo sì rí i pé ohun tí dókítà ọmọdé yẹn ṣe fún mi gan-an ni èmi náà ṣe fún ajá mi, èmi tí mo mọ̀ ọ́n. Mo dá a dúró lójijì, n kò rò ó wò rárá.

A tún wàrà pò. Oṣù mọ́kànlá ló gbà wá láti yọ Pero. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, nítorí náà Idwal ló ń fa síríńjì. Aago méje àárọ̀ ló máa ń dé, òjò ni, yìnyín ni. Nínú oṣù mọ́kànlá yẹn ni a sọ gbogbo ohun tó yẹ ká ti sọ.

7. Pero kò sí nínú ìhágún yìí. Ó ti darúgbó báyìí. Mo fi ọwọ́ ara mi fà á lé Idwal lọ́wọ́ lánàá, lójú ayé mi.

8. Idwal Ellis, àbúrò mi, kò ní jogún ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjà wa ló fà á. Òfin wa sọ pé ẹni tí ìhágún bá fún ní nǹkan kò lè ṣe ẹlẹ́rìí kó tún rí nǹkan ọ̀hún gbà. Lọ́yà fẹ́ kí dókítà ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gbà kí wọ́n so lẹ́tà dókítà mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Idwal ni mo fẹ́ lójú ìwé. Ọwọ́ yẹn ló kọ ọ́ pé orí mi kò pé. Nígbà tí mo ní kó yàn láàárín ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò àti ìfọwọ́sí yìí, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Ẹ fún Mared ní ilẹ̀, ẹ fún mi ní bírò.”

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2019, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì tí wọ́n jókòó pọ̀ nídìí tábìlì ìdáná Hafod Wen.

Eluned M. Parri

Ẹlẹ́rìí kìíní: Huw Bevan, ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Cwm Helyg.

Ẹlẹ́rìí kejì: Idwal Ellis, àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn àgùntàn, Tyddyn Bach.

Èyí tó tẹ̀ lé e, Idwal ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: Lọ́yà ní orúkọ mi nìkan ti tó. Kò tó. Mo jẹ́rìí pé orí ẹ̀gbọ́n mi pé lónìí. Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé ilé ìwòsàn yẹn náà. Ẹ̀rù ló bà mí.