Gíláàsì Tí Kò Yẹ Kó Mú Àwọ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàámi àti gbogbo ará ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò ti gbé fóònù mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí kì í kọjá yín láìkà. Àǹtí Ṣadé, àbúrò yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ayépé, ló ní kí n kọ ọ́ síbí.

Yìnyín ti bo fèrèsé mi ní Kánádà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Mò ń gé ẹran ara aláìsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mò ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mò ń kán oògùn sí i. Bí ohun tí à ń wá bá wà níbẹ̀, yóò mú àwọ̀ búráùn. Ṣùgbọ́n gíláàsì méjì là ń ṣe fún ẹnì kan. Gbogbo ohun tí a ṣe sí àkọ́kọ́ la ó ṣe sí èkejì, àfi oògùn tó ń wá nǹkan náà nìkan. Kò yẹ kí èkejì mú àwọ̀ rárá. Bó bá mú un, a kò lè gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ mọ́.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé, kí n tó wá sí Kánádà, ọ̀gá wa ní kí la fẹ́ fi gíláàsì tí kò ní fi nǹkan kan hàn ṣe, àbí fọ́tò afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ yà ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì pa èkejì tì títí mo fi kúrò níbẹ̀. N kò mọ iye èèyàn tí mo fi èsì irọ́ rán padà sílé.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yẹ jẹjẹrẹ ọmú Àǹtí Ṣadé wò lẹ́yìn tí mo kúrò. Wọ́n ní ó mú àwọ̀, wọ́n sì fún un ní hóró oògùn tó bá àwọ̀ náà mu. Ọdún méjì ló fi lò ó, tí àrùn náà ń tàn ká. Mo ní kó gba ẹran ara tó kù lọ́wọ́ wọn, kó fi ránṣẹ́ sí mi. A kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, àmọ́ a fi gíláàsì èkejì kún un: gíláàsì méjèèjì mú àwọ̀. A tún un ṣe bó ṣe yẹ, a kọ́kọ́ pa ohun inú ẹran ara tó máa ń fúnra rẹ̀ mú àwọ̀: ìkankan kò mú un. Dókítà ibí fọwọ́ sí i pé hóró oògùn yẹn kò wúlò fún un rí.

Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ ní ṣé èmi nìkan ló kàwé ni, pé àbúrò yín ń jẹun, inú rẹ̀ ń dùn, kí n má fi gíláàsì pa á. Ẹ ní ọmọ ìjọ yín ni ọ̀gá yẹn. Màámi, ó dùn mí. Mo tilẹ̀ bi ara mi bóyá ẹ jàre. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kò mọ̀ pé inú ẹnì kan ń dùn.

Mo sọ fún Àǹtí Ṣadé. Ó bi mí pé èwo nínú gíláàsì méjèèjì ni tòun. Mo ní tiẹ̀ ni méjèèjì. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú mìíràn, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ àfi ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ má dá mi lóhùn bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ ṣáà bá a wọ mọ́tò.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ padà délé. Ẹ kí gbogbo ará Ayépé fún mi.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́