Lékeléke Ti Gba Ìṣó Mi Lára Ògiri

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ooru, ẹ kú àìsí iná, ẹ kú orúnkún tí kì í jẹ́ kí ẹ gbádùn àtẹ̀gùn. Ọmọ yín Múfútáù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níhìn-ín, àyà mi kan ilẹ̀ títutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi. Mo kí Bàbá Ayépé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí wọ́n ń bá wa mójú tó oko. Mo kí ìyàwó Ṣàkírù, mo kí ọmọ rẹ̀ tí n kò tíì gbé rí. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Òde, àtẹni tó ń bèèrè mi àtẹni tó ti gbàgbé mi. Ṣàkírù fúnra rẹ̀, àbúrò mi, ni n kò tíì kí. Mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń rí lẹ́tà mi. Mo ti gbìyànjú fóònù, fóònù ò gbà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mò ń ṣàlàyé fún yín bí èjìká ṣe ń dùn mí, ẹ ní kí n dúró ná, ẹ̀gà ti bà sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Ṣàkírù pé kó gbé kámẹ́rà bọ̀, kó má sì fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ẹ wá gbàgbé mi sórí tábìlì. Háà! Èmi àkọ́bí! Ẹ̀gà tí kò mọ̀ ju ariwo lọ ló gba ipò lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé tí ẹ bá ti jókòó ti ìwé ìròyìn Yorùbá yín lọ́sàn-án Sátidé, ẹ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dá sí yín, ìbáà ṣe ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Mò ń jowú, Màámi. Mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Mò ń jowú àbúrò mi, mò ń jowú kámẹ́rà tí mo fowó ara mi rà, mò ń jowú ẹyẹ. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọkùnrin onírùngbọ̀n ń bá ẹyẹ ṣe orogún á rẹ́rìn-ín. Kó máa rín in lọ. Kò sí níbi tí mo wà ni.

Ẹ mọ ibi tí mo wà. Ìlú etíkun kan ni ní Kánádà, òtútù ibẹ̀ ń dé inú egungun. Ilé iṣẹ́ ẹja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa là ń fọ̀ ọ́, àwa là ń gé e, àwa là ń dì í sínú páálí pẹ̀lú yìnyín. Tí mo bá délé, n kì í fẹ́ rí ẹja sójú mọ́, èmi tí mo máa ń bá Ṣàkírù jà sí orí ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ yín. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́, òun náà la fi ń ṣe òrùlé ilé wa. Ṣùgbọ́n owó kì í báni jókòó jẹun. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú; wọ́n á kí mi láàárọ̀, wọ́n á kí mi nírọ̀lẹ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Àdánìkanwà yẹn ló mú mi ra kámẹ́rà. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ayàwòrán ńláńlá ń lò, tí wọ́n á yọ ojú kan kúrò kí wọ́n tó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ojú kan ṣoṣo ni tèmi ní, kò ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀hún! Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, á máa yọ síta bí orí ahun, á sì máa fa ohun tó wà lókèèrè mọ́ra. Mo lè dúró sí èbúté kí n ya ẹyẹ òkun tó bà sórí ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún, kó dà bíi pé iwájú mi ló bà sí. Tí mo bá sì yí padà, mo lè fi ya ife tíì tó wà níwájú mi. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo wo òkèèrè títí. Àmọ́ tí mo bá ya ẹyẹ tán, ta ni màá fi hàn? Màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wò ó, kò sẹ́ni tó máa bá mi yọ̀ sí i.

Ni mo bá rò ó pé ẹyẹ òkun kọ́ ni mo fẹ́ rí. Ẹ̀yin ni. Mo gbé kámẹ́rà náà fún ará Odògbolú kan tó ń bọ̀ wálé ọdún Iléyá, pé kó bá mi fún Ṣàkírù, kí Ṣàkírù máa ya ilé ránṣẹ́ sí mi: ẹ̀yin níbi tí ẹ ti ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀yin níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín, ojú títì wa, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń họ́n kiri láìnídìí. Nǹkan ojoojúmọ́ lásán ni mo bèèrè.

Ẹyẹ ni mo rí gbà. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, Ṣàkírù yà yín lóòótọ́. Bó ṣe gbé kámẹ́rà sókè tó rí ẹ̀gà báyìí, ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Àdàbà lórí wáyà iná, àṣá lójú sánmà, àgbìgbò nínú oko wa ní Ayépé. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n dára. Ojú àgbìgbò yẹn ń dán débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí igi oko wa nínú rẹ̀. Èmi tí mo ra kámẹ́rà, ẹyẹ tèmi máa ń gbọ̀n nínú fọ́tò bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ó ní tí ojú kámẹ́rà bá ti gùn dé òpin, bí ọwọ́ bá mì bíńtín, fọ́tò bà jẹ́ nìyẹn. Pé ẹ̀yin lẹ fi àlòkù ìró yín rán ìrọ̀rí kékeré kan, ẹ rọ gàrí kún inú rẹ̀, kámẹ́rà wá ń sùn lé e lórí jẹ́ẹ́ láìmì. Mo ní gàrí wo, Ṣàkírù? Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú tiwa ni, èyí tó kan dáadáa. Ó tún fi ẹ̀rín sí i. Màámi, ẹ ṣeun. Kámẹ́rà ń sùn lórí gàrí Ìjẹ̀bú, èmi tí mo rà á ń wá èyí tí màá rẹ sómi mu kiri ìlú, mi ò rí. Ìgbà wo lẹ rán ìrọ̀rí fún èmi rí?

Bàbá Ayépé náà tún da epo sí iná. Wọ́n ní ẹ̀yin àti Ṣàkírù máa ń gun ọ̀kadà wá sóko láàárọ̀, ẹ ó jókòó sábẹ́ igi obì, ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ó máa retí ẹyẹ. Ẹ̀yin! Àlàájà tí oníbàárà ò gbọdọ̀ pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìra nǹkan! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé kí n yára, ọjà kì í dúró dèèyàn! Wọ́n ní ẹ ti wá mọ ìgbà tí lékeléke ń dé àti ìgbà tó ń lọ, pé ẹ máa ń bèèrè rẹ̀ tó bá pẹ́.

Mo gbé gbogbo ìyẹn mì. Ọ̀rọ̀ ògiri ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Láìpẹ́ yìí ni Ṣàkírù fi fọ́tò yín kan ránṣẹ́, kó lè fi tù mí nínú. Ó dúró sí òdìkejì títì, ó fi kámẹ́rà fà yín mọ́ra, ẹ ò mọ̀ pé ó ń yà yín. Ẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń ṣa ẹ̀wà, ètè yín ń mì bíi pé ẹ ń ka tẹ̀sùbáà. Inú mi dùn. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù kí n lè rí yín dáadáa. Mo fẹ̀ ẹ́ sí i, mo rí ilẹ̀kùn pálọ̀ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín. Mo tún fẹ̀ ẹ́ sí i, mo rí ògiri. Fọ́tò mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ò lè sọ pé ẹ gbàgbé fọ́tò náà. Èyí tí mo yà nínú agbádá funfun kí n tó wọ bàálù. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi dígí sí i, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kàn án mọ́ àárín ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n, ẹ tún fi òdòdó oníke yí i ká nítorí ìfẹ́. Lórí ìṣó kan náà, lékeléke ló wà níbẹ̀ báyìí, nínú férémù tuntun, ó na ọrùn, ó ń wò mí. Lékeléke! Ká ní odídẹrẹ́ ni, màá ní ó níyì. Ẹyẹ tó ń tẹ̀lé màlúù kiri, òun lẹ torí rẹ̀ gbé ọmọ yín kúrò lórí ògiri. Mo sunkún, Màámi. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo ní omi ẹja ló ta sí mi lójú.

Mo pe Ṣàkírù. Mo bú u, kí n má parọ́. Mo ní ó ti fi kámẹ́rà mi gba ìyá mi, ó ku kó gba orúkọ mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní ẹ ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ sọ, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òun á sọ.

Ó ní ìyá kan wá kí yín láti Odògbolú, tí ẹ jọ ń ra aṣọ tà nígbà tí ẹ wà léwe, tí ẹ ò sì tíì fojú kan ara yín láti ìgbà pípẹ́. Ó wọ pálọ̀, ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin nínú aṣọ funfun, fọ́tò ńlá, òun nìkan, òdòdó yí i ká. Ó bi yín pé ṣé Múfútáù nìyí. Ẹ ní òun ni, omi bọ́ lójú yín nítorí àárò. Ó rí omi ojú náà, kò bèèrè ohun kejì. Ó jókòó, ó tẹ́wọ́ àdúà, ó ní kí Ọlọ́run forí jìn ín, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé rẹ̀, kó má fi irú rẹ̀ hàn yín mọ́. Ẹ̀yin náà tẹ́wọ́. Bí a ti í ṣe tí àgbà bá ń ṣàdúà, ẹ ṣe Àmín, ẹ tún ṣe Àmín, kí etí yín tó gbọ́ ohun tí ẹnu yín ń ṣe Àmín sí.

Ṣàkírù ní ẹ pariwo. Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu yín rí, àní lọ́jọ́ tí bàbá wa kú. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ yín, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dà láàmú gun àga, ẹ yọ fọ́tò náà fúnra yín, ẹ ya òdòdó dànù, ẹ fi ìbòrí tí ẹ fi ń kírun wé e, ẹ gbé e sínú àpótí. Ẹ ní kò ní padà sórí ògiri títí ẹni tó ni ín á fi dúró sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ din àkàrà, ẹ fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ ò sọ ohun tí ẹ torí rẹ̀ ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní ìṣó tó ṣófo ni kò jẹ́ kí ẹ lè jókòó ní pálọ̀. Ẹ ò lè wò ó, ẹ ò sì gbà kí òun yọ ọ́. Òun wá tẹ́ gbogbo fọ́tò ẹyẹ síwájú yín, pé kí ẹ mú ọ̀kan tí òun á fi bò ó. Òun rò pé àgbìgbò lẹ máa mú, torí fọ́tò rẹ̀ ló rẹwà jù. Lékeléke lẹ nawọ́ sí. Ẹ ní ìyẹn, tó bá lọ, ó máa ń padà.

Mo tún ṣí fọ́tò náà, mo fẹ̀ ẹ́, mo wo lékeléke ọ̀hún dáadáa.

Màámi, ìwé ìgbélùú mi, tí mo ń dúró dè kí n tó lè wálé, ti jáde láti ọdún tó kọjá. Mò ń sọ pé kí n kọ́kọ́ parí òrùlé, kí n kọ́kọ́ ra tibí, kí n kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún. Ó tó gẹ́ẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí lékeléke bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà ní Ayépé lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ẹ máa retí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríji ìyá Odògbolú yẹn. Màá lọ kí i fúnra mi, kó fọwọ́ kàn mí lára.

Ẹ má ju lékeléke nù. Ẹ wá ìṣó tirẹ̀ fún un, kó kúrò lórí tèmi.

Àdúà tí mo fẹ́ ṣe rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó ṣe Àmín: kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó fún orúnkún yín lágbára, kó jẹ́ kí ojú yín rí mi, kí ọwọ́ yín gbé fọ́tò mi padà síbi tó wà, níṣojú èmi alára. Ẹ bá mi kí tẹbí tará.

Ṣàkírù, mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ yà wá lọ́jọ́ tí mo bá dé. Yà wá. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ni kí o dúró sí, ìwọ àti ìrọ̀rí gàrí rẹ. Má sún mọ́ wa. Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo ni Màámi, kámẹ́rà yẹn á sì rí wa láti ibẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó wà láàyè,
Múfútáù.