Fáìlì Géèmù àti Eyín Mi

Ọ̀gá Géèmù,

Gbá àfọ́kù inú yàrá kí Màmá tó ti ibi iṣẹ́ dé, kó o sì nu ẹ̀jẹ̀ mi kúrò lára ògiri. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín.

Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé inú fáìlì kan ṣoṣo la ń kọ gbogbo ohun tá a bá fẹ́ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, sí. Ohun tá ò bá kọ síbẹ̀, á pa á rẹ́ tá a bá tún un tò. O dá fi géèmù rẹ sórí kọ̀ǹpútà, o ò kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo tún un tò láàárọ̀ yìí, géèmù pòórá. Kíbọ́ọ̀dù ni ìwọ àbúrò tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n là mọ́ mi lẹ́nu. O tún ta kọ̀ǹpútà nípàá títí ó fi kú.

Mo ti pààrọ̀ dísìkì ẹ̀, mo sì kọ géèmù rẹ sínú ẹ̀dà fáìlì yẹn tó wà lọ́wọ́ mi, torí mi ò fẹ́ kó dé etí Màmá. Gbogbo ohun tá a kọ síbẹ̀ ló ti padà bó ṣe wà, títí kan àwòrán kìnnìún ojú ẹ̀.

Mo ka fáìlì náà látòkè délẹ̀. Kò síbi tí mo kọ eyín mi sí.