Ohun Tí Òpó Kẹta Ń Sọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú gègé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Màmá ṣì ń bá yín jà nítorí iyọ̀? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ojú ń tì mí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pè yín lórí fóònù.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá wo afárá tí à ń so ẹ̀rọ mọ́. Mo ti fi yín yangàn fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, pé ọgbọ̀n ọdún lẹ fi yẹ afárá wò, òòlù lásán lẹ sì ń lò. Ẹ kan òpó kẹta, ẹ dẹtí, ẹ tún un kàn. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ìró eléyìí ò dáa o. Ẹ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò ná." Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, etí yín ló ti darúgbó." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ nu òòlù yín, ẹ fi í sápò, ẹ sì lọ wọkọ̀.

Bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. A lẹ àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gbọ́ bí afárá ṣe ń gbọ̀n mọ́ ọn lára, kọ̀ǹpútà á wá fi oṣù kan kẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ara rẹ̀ dá. Bí ìyẹn bá yí padà, á pariwo. Ó yẹ ká kọ́kọ́ yẹ gbogbo òpó wò. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé pé a ti ṣe é. A ò dé abẹ́ òpó kẹta, torí omi kún, mo sì ń kánjú. Òpó yẹn ti ń ṣàìsàn, àìsàn yẹn gan-an ni mo sì kọ́ kọ̀ǹpútà pé ó jẹ́ ìlera.

Odidi oṣù mẹ́jọ ni iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé kò séwu fi ń tàn lórí tábìlì mi, tí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ń gba orí afárá náà. Ọkùnrin tó ń kun irin afárá lọ́dà ló rí ihò lábẹ́ òpó kẹta lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí omi ti fà. Ó ní, "Ẹ̀njiníà, ẹ wá wò ó, ọwọ́ mi wọ inú ẹ̀ dé ọrùn ọwọ́!" A ti afárá pa kó tó di ọ̀sán. Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa.

Nígbà tí ọ̀gá bi mí, mo ní ẹ̀rọ ló ṣì wá lọ́nà. Irọ́ ni, Bàbá. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ń sọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Màá jẹ́wọ́, bí iṣẹ́ bá tiẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Màá sì sọ lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí pé bàbá mi ti gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà dárí jì mí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Etí yín ò ní di láé.

Èmi ni àkọ́bí yín, tí ẹ máa ń gbé sí èjìká lábẹ́ afárá.

Àfikún: Mo ra òòlù lánàá. Mo fi kan òpó kejì, mo fi kan òpó kẹta. Bákan náà ni wọ́n dún létí mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ mi.