Má Rán Ọkọ̀ Wá Gbé Ìyá Rẹ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n fi ojú jọ mí. Ara mi le. Òrùlé tí mo fọwọ́ ara mi kàn kò jò, bẹ́ẹ̀ tàwọn tó kàwé ń jò.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Dókítà ní àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀ yìí ti kọjá oògùn, ká kàn máa dín ìrora kù. Nọ́ọ̀sì ń gun alùpùpù wá fún un lóògùn. Àwọn aládùúgbò pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa yí i padà kí ara rẹ̀ má bàa dégbò. Mo ní èmi náà á gba ọjọ́ tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá aránṣọ tó wà lára wọn pariwo mọ́ mi pé, "Bàbá Bíríkìlà, ẹ rọra! Èèyàn lẹ gbé, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù!" Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbé tó mi ní gbogbo abúlé.

O ní o fẹ́ rán ọkọ̀ wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo sọ fún un. Ó ní, "Yàrá tẹ́ ẹ kọ́ fún mi yìí ni kí n kú sí. Ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

Nítorí náà, ìwọ fúnra rẹ ni kó o wọkọ̀ wá. Èmi tí kì í bẹ èèyàn, mo bẹ̀ ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó o bá a láyé.

Èmi bàbá rẹ.