Táyà Tó Ní Kí N Jókòó Lé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i, mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè bi... Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ níparí oṣù yìí ń rí mi lára. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o, mo ní ó ń rí mi lára, pé bó bá wọlé báyìí tó ní ìyàwó, ṣé dáadáa lo wà, ńṣe ni itọ́ á kún mi lẹ́nu. Èmi náà sì ni mo fẹnu ara mi gbà níwájú ẹbí pé màá fẹ́ ẹ, mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ sọ fún mi, irú kí ni mo kó ara mi sí yìí?

Opó ni mí, Ìkirè ni mò ń gbé, dòdò ni mò ń dín tà létí express. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, ní Land Rover kan tó rà ní gbàǹjo, ó fi ń gbé àwọn àlejò lọ tour: àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ wo oko kòkó, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ fún àwọn ọmọ oko labẹ́rẹ́. Ìkirè-Ilé o, Ìkòyí o, Orílẹ̀-Òwu o, ibi tí mọ́tò ẹlòmíì bá ti dúró ni tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí táyà ọkọ̀ náà jẹ tán, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ ra òmíràn n'Ìbàdàn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, pé ta ló ń mú ìyàwó lọ yan táyà. Ó ní ìyàwó òun mọ ọ̀nà oko ju òun lọ. Òótọ́ sì ni, torí ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó di pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń ta táyà kọ́kọ́ gbé èyí tó ní eyín gàǹgà-gàǹgà jáde, ó ní kò sí ẹrẹ̀ tí kò lè fà wá jáde. Mo ní express ńkọ́? Eyín yẹn á máa hu lórí títì títí etí á fi di, títì á sì jẹ ẹ́ tán kíákíá. Ó gbé èyí tí ojú ẹ̀ là tín-ín-rín jáde, mo ní rárá, ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu á dí gbogbo ojú yẹn pa, táyà á wá máa yí lójú kan. Ló bá gbé ti àárín wá, ó pè é ní all-terrain, pé ó lè rin títì, ó lè rin oko. Mo ti ìka bọ ojú ẹ̀ kí n mọ bó ṣe jìn tó, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò, torí ẹ̀gbẹ́ táyà ni kùkùté inú oko máa ń bà jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ náà le. Mo ní èyí ni ká mú. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, látọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ mọ́tò ẹ̀ tí kò sọ fún pé ìyàwó òun ló yan táyà.

Nígbà tá a délé, mo ní ká sàmì sí i nítorí àwọn tó máa ń pààrọ̀ táyà onítáyà. Mo ti ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ iná, mo fi ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ inú, ibi tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé, ó wọ inú dòdò tí mo dín lọ́jọ́ náà, ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n fi mọ sí ẹyọ kan kí n má baà lé oníbàárà mi lọ. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi ní àbúrò kan ṣoṣo, ìyá kan náà ló bí wọn. Gbajúmọ̀ ni mò ń pè é látọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ. Òun náà ní Land Rover, pákó ló fi ń kó. Nígbà tó rí táyà wa, ó wá irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ rà, àmọ́ tòkunbọ̀ ni. Kò pẹ́ tó fi jẹ tán, ló bá ní kí vulcanizer fi abẹ fín ojú tuntun sí i. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó ní táyà gidi ni. Ọkọ mi bá a jà gan-an nítorí ẹ̀, ó ní ikú ló ń gbé kiri.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Gbajúmọ̀ wá yá mọ́tò wa lọ sí Ìwó, ó ní tòun ò stáàtì. Nígbà tó dá a padà nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ bò ó látòkè délẹ̀. Ọkọ mi ò wo táyà... kí ló fẹ́ wò? Àbúrò ẹ̀ mà ni! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwọn nọ́ọ̀sì, ó forí lé Orílẹ̀-Òwu. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kéèyàn tó dé odò, ibẹ̀ ni mọ́tò ti yọ̀, ó sì já sódò. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde láàyè. Ọkọ mi ò jáde.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa mọ́tò náà sókè, Gbajúmọ̀ ò tíì dé láti Ìbàdàn tí wọ́n ránṣẹ́ sí i. Omi ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà. Mo rí i pé ojú ẹ̀ dán, pé ó ní àwọn ilà wẹ́wẹ́ bí ohun tí wọ́n fi abẹ fà, àmọ́ ta ló ráyè táyà? Òkú ọkọ mi ni mò ń wò. Gbogbo èèyàn ní òjò ni, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Gbajúmọ̀ sunkún ju gbogbo wa lọ. Kí àdúà ogójì ọjọ́ tó kò, ó ti ta òkú mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin, ó ní òun ò lè máa rí i. Gbogbo ilé ń yìn ín, èmi náà yìn ín.

Mo ṣe opó mi pé. Gbajúmọ̀ ń gbé ìrẹsì wá, ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń bá mi gbé, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó ṣú mi lópó kí àwọn ọmọ má baà fọ́n ká. Mo gbà. Honestly, kì í ṣe nítorí ọmọ nìkan... ọkùnrin náà ti ń wù mí. Mo ti ń fi lọ́fínńdà sára tí mo bá gbóhùn mọ́tò ẹ̀. Tí mo bá rántí ìyẹn báyìí, ó dà bíi kí n bọ́ awọ ara mi dànù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ sí Àpòmù lọ fi ọ̀rọ̀ nikah tó àwọn èèyàn mi létí. Nígbà tá à ń bọ̀, ó gba ọ̀nà oko, ó fẹ́ fi hàn mí bí mọ́tò ẹ̀ ṣe lè rin ẹrẹ̀. Ó ń yangàn pé táyà òun kì í yọ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí kùkùté ńlá kan fi fa táyà ẹ̀yìn ya. Ó gbé jack sí i, ó tú táyà náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ inú kọjú sókè, ó tún fi ańkáṣífì nù ún... Ó ní, “Ìyàwó, jókòó lé e, kí n fi spare sí i.” Mo tẹ̀ láti jókòó. Ni mo bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Ó ń súfèé, ó ń dé nọ́ọ̀tì. Èmi dúró gbagidi. Ó ní ṣé mi ò jókòó ni, mo ní ẹ má ṣèyọnu, kò rẹ̀ mí. Mo sì tún wọ mọ́tò náà, mo jókòó tì í délé! Ta ló ń gbé mi délé? Táyà ọkọ mi. Látọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń gun táyà ẹ̀ kiri, tí mò ń sọ fún Gbajúmọ̀ pé mọ́tò yín mà rọ̀ o. Àwọn ọmọ tí mo bí fún ọkọ mi ń gùn ún lọ sílé ìwé.

Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú. Táyà tó dáa ló kàn ń fẹ́ fún òjò, ló ṣe fi tiẹ̀ pààrọ̀ tiwa lọ́jọ́ tó yá mọ́tò lọ sí Ìwó. Àmọ́ ó mọ ohun tó gbé sábẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó mọ̀! Ó dúró létí sàréè, ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó relé, kò tú táyà náà dànù, ó ń fi kó pákó. Ó wá tún fẹ́ wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin náà. Irú ọ̀bùn èèyàn wo nìyẹn? Tí mo bá sì ní mi ò fẹ́ mọ́ láìsọ ìdí, wọ́n á ní mo ti rí ọkùnrin síta, wọ́n á gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá sọ ìdí ńkọ́? Òun nìkan ló kù tí ìyá ọkọ mi bí. Ìyá yìí ò fi mí ṣe ìyàwó rí, ọmọ ni wọ́n fi mí ṣe.

Táyà tó ya yẹn ò ṣeé lẹ̀ mọ́, Gbajúmọ̀ jù ú sẹ́yìnkùlé wa. Mo bi í pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ó ní táyà yẹn làwọn alápatà máa dáná sí lọ́jọ́ nikah láti fi wi màlúù. Àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò ò ní àmì, èyí nìkan ló ní. Tó bá ti jó, ta ló máa gbà mí gbọ́? Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀bẹ yẹn náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Orí táyà yẹn ni wọ́n jókòó lé, wọ́n ń bi mí pé irú léèsì wo ni kí àwọn rà fún ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn... ṣé kí n ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n jókòó lé? Àbí kí n panu mọ́, kí n fọwọ́, kí n sì jẹ nínú ẹran náà?